Bí Gbajúmọ̀ Ṣe Lè Di Atọ́kùn Ètò Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Lórí Amóhùnmáwòrán

Nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán bá gbé ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lé òṣèré, olórin tàbí eléré ìdárayá kan lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Wọ́n mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò jókòó ti ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti wo bí yóò ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í gbé ètò kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, àlejò ni àwọn ènìyàn ń wò, bí àlejò kò bá sì rí àyè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn á yí ìkànnì padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe olóòtú irú ètò báyìí lẹ́yìn kámẹ́rà, mo sì ti rí i pé ohun tó nira jù fún gbajúmọ̀ tó di atọ́kùn ni kó gbé òkìkí ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí kan, kó tẹ́tí sí ẹlòmíràn. Èyí ni gbogbo ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí dúró lé.

Irú ètò tí ẹ fẹ́ ṣe

Kí ẹ tó ronú kan àlejò kankan, ẹ pinnu irú ètò tí ẹ ń ṣe, nítorí pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra. Ní Amẹ́ríkà, ètò alaalẹ́ tí wọ́n ń pè ní The Tonight Show bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954. Apanilẹ́rìn-ín ni Johnny Carson, ẹni tó jẹ́ atọ́kùn rẹ̀ láti 1962 títí di 1992. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, àlejò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àlejò kọ̀ọ̀kan sì ní láti dá àwọn tó ń múra àtisùn lára yá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀ròyìn ni Michael Parkinson tó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ lórí BBC ní 1971. Kò fi tábìlì dí ààrin òun àti àlejò, ó sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn títí àlejò yóò fi gbàgbé pé ìpolówó fíìmù tàbí ìwé ló gbé òun wá. Phil Donahue ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà ní 1967, kò sì pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé ìbéèrè tí àwọn tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ń bi àlejò nígbà ìpolówó dára ju tòun lọ. Ló bá gbé máìkì, ó wọ àárín wọn. Oprah Winfrey náà wọ àárín èrò bẹ́ẹ̀ nínú ètò tó fi ọdún 25 ṣe, láti 1986 sí 2011.

Ẹ yan èyí tó bá ìwà yín mu, kì í ṣe èyí tó lórúkọ jù. Ẹni tí kò lè pa èrò lẹ́rìn-ín láìsí ìwé lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì Carson, bí ó ti wù kó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká tó. Ẹni tí ara rẹ̀ sì máa ń gbóná bí ọ̀rọ̀ bá ń fà gùn yóò jìyà nínú ètò àlejò kan ṣoṣo fún wákàtí kan.

Pípe àlejò

Òtítọ́ ni kí ẹ fi pe àlejò. Ẹ sọ irú ètò tó jẹ́ fún un, ẹ sọ bí yóò ṣe gùn tó, ẹ sọ bóyá lójú ẹsẹ̀ ni yóò lọ sórí afẹ́fẹ́ tàbí pé ẹ ó gbà á sílẹ̀, ẹ sì sọ ẹlòmíràn tí yóò bá a jókòó bí ó bá wà. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Martin Bashir ṣe pẹ̀lú Ọmọọba Diana lórí BBC ní 1995. Nígbà tí ìwádìí Lord Dyson, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jáde ní 2021, ó fi hàn pé ayédèrú ìwé ilé ìfowópamọ́ ni Bashir fi han Charles Spencer, àbúrò Diana lọ́kùnrin, kí ó lè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Diana. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí àwọn ènìyàn ti ń yìn fún ọdún tó lé ní 25 wá di ohun tí iléeṣẹ́ náà ń tọrọ àforíjì lé lórí.

Ẹ má ṣe fún àlejò ní ìbéèrè tẹ́lẹ̀. Ẹ lè sọ àwọn àgbègbè tí ọ̀rọ̀ yóò kàn, ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ìbéèrè yóò ti há ìdáhùn sórí. Nígbà tí Oprah Winfrey jókòó pẹ̀lú Meghan, ìyàwó Ọmọọba Harry, nínú ètò tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ohun tó kọ́kọ́ là sílẹ̀ ni pé àlejò òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ béèrè, pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí òun má fọwọ́ kàn, àti pé wọn kò sanwó fún un. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n òǹwòran mọ ibi tí òun dúró láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mánéjà àlejò yóò máa dárúkọ ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ béèrè. Èmi máa ń gbà bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ kékeré tàbí àìsàn ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ dí bá jẹ́ òun gan-an ni ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi jókòó gbọ́ àlejò náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ pe ẹlòmíràn. Ibi tí gbajúmọ̀ ti máa ń ṣubú nìyí, nítorí pé àwọn àlejò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ bínú. Bí ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ àlejò, ẹ sọ fún òǹwòran pé ọ̀rẹ́ yín ni, kí ẹ sì bi í léèrè bí ẹ ṣe ń bi àwọn yòókù.

Ìwádìí àti káàdì

Larry King, tó fi ọdún 25 darí ètò rẹ̀ lórí CNN, láti 1985 sí 2010, gbajúmọ̀ fún pé kì í ka ìwé àlejò kó tó bá a jókòó, nítorí ó fẹ́ béèrè ohun tí òǹwòran tí kò tíì ka ìwé náà yóò fẹ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ atọ́kùn tuntun ti gbá èyí mú, wọ́n fi ń bo ọ̀lẹ. Ẹ rántí pé King ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rédíò kó tó dé ibẹ̀. Ní tiyín, ẹ kà á tán, ẹ wò ó tán, kí ẹ sì wá béèrè bí ẹni tí kò kà á. Ìmọ̀ yín yóò hàn nínú ibi tí ẹ bá ti dúró béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò pọn dandan kí ẹ fi ẹnu ka á sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìgbàsílẹ̀, kí olóòtú pe àlejò lórí fóònù, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Olóòtú ni mo sọ, n kò sọ atọ́kùn. Ìtàn tí ènìyàn bá ti sọ fún yín rí, bí ó bá tún ń sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà, yóò máa fo ibi tó dùn jù, nítorí pé ojú yín ló ń wò, ó sì rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Nítorí ìdí kan náà, bí ẹ bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń kun àlejò lójú, ẹ kí i dáadáa, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò rẹ̀, ẹ má sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ tó gbé e wá.

Láti inú ìwádìí àti ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn ni ẹ ó ti kọ káàdì yín. Ẹ má kọ odindi gbólóhùn sí i. Ẹni tó bá kọ odindi ìbéèrè yóò máa kà á, orí rẹ̀ yóò tẹ̀ ba, àlejò yóò sì máa bá àtàrí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó lè rán yín létí ti tó: "ilé àkọ́kọ́", "lẹ́tà ìyá", "ọjọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀". Káàdì méje ti pọ̀ tó fún wákàtí kan.

Ìbéèrè

Ìbéèrè kúkúrú ló ń bí ìdáhùn gígùn. Ẹ béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹ bá so ìbéèrè mẹ́ta pọ̀, èyí tó rọrùn jù ni àlejò yóò mú dáhùn, èyí tó ṣe kókó yóò sì sọnù. Ẹ sì sá fún ìbéèrè tí ẹ ti fúnra yín dáhùn, irú bíi "Ó dájú pé inú yín dùn gan-an lọ́jọ́ náà, àbí?" Kí ni ó kù fún un láti sọ ju bẹ́ẹ̀ ni lọ?

"Báwo ló ṣe rí lára yín?" ni ìbéèrè tí mo gbọ́ jù láti ẹnu àwọn atọ́kùn tuntun, kò sì tíì mú ohun gidi kan wá rí níṣojú mi. Olórin tó gba àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ yóò ní inú òun dùn, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ òun. Ẹ bi í dípò bẹ́ẹ̀ pé: "Nígbà tí ẹ délé lóru ọjọ́ yẹn, ibo lẹ gbé àmì ẹ̀yẹ náà sí?" Yóò dúró, yóò rántí. Yóò sọ fún yín pé orí àpótí aṣọ ni, nítorí pé kò sí tábìlì nínú yàrá nígbà náà, tàbí pé inú ọkọ̀ ni ó wà títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí pé ìjà ṣẹlẹ̀ nílé. Ohun tí ojú rí, ohun tí ọwọ́ dì mú, ẹni tó ṣílẹ̀kùn: nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni bí ó ṣe rí lára ẹni wà, ẹ kò ní í dárúkọ rẹ̀ rárá kó tó jáde.

Ohun tí yóò tẹ̀ lé ìdáhùn ṣe pàtàkì ju gbogbo káàdì lọ. Bí àlejò bá ní, "Lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, nǹkan dára díẹ̀," atọ́kùn tó ń wo káàdì yóò bọ́ sórí fíìmù tuntun. Atọ́kùn tó ń gbọ́ yóò béèrè pé, "Kí lẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn?"

Ìdákẹ́jẹ́

Ojú lọ̀rọ̀ wà, a kì í sì rí ojú ẹni tí a kò jẹ́ kó dákẹ́. Nígbà kan, mo jókòó nínú yàrá ìdarí tí à ń gba ètò kan sílẹ̀. Òṣèré tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ni atọ́kùn wa, afẹ̀ṣẹ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni àlejò. Atọ́kùn bi í nípa ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tó ti di olóògbé. Àgbàlagbà náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó fa etí apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi bo oríkèé ìka rẹ̀, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ayàwòrán wa ti sún mọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, gbogbo wa nínú yàrá ìdarí sì dákẹ́ wẹ́lo. Ìgbà náà ni atọ́kùn wa ní, "Ó yé mi, sà. Nígbà tí bàbá tèmi náà kú…" ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì sọ ìtàn bàbá rẹ̀. Àlejò ń mi orí sí i tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà kàn án, ó ti tún apá aṣọ rẹ̀ ká sókè, ó ní ènìyàn dáadáa ni olùkọ́ òun, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó parí. Nígbà tí a ń ṣe àtúntò, a ka ìdákẹ́jẹ́ náà: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré ni.

Atọ́kùn yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Àánú ló ṣe é, ó sì ń bẹ̀rù pé ètò ń kú lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin dà bí wákàtí kan lójú ẹni tó wà lórí àga, ṣùgbọ́n lójú òǹwòran, òun ni ibi tí kò lè gbójú kúrò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn atọ́kùn pé, bí àlejò bá dákẹ́ tí ojú rẹ̀ ń rántí nǹkan, kí wọ́n máa fi ìka ẹsẹ̀ tẹ inú bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé méje kí wọ́n tó la ẹnu. Kò sí ẹni tí yóò rí i. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó pé méje.

N kò sọ pé kí atọ́kùn má sọ ìtàn ara rẹ̀ rárá. Ní 1986, Oprah Winfrey sọ lórí ètò rẹ̀ pé wọ́n fipá bá òun lò pọ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣí ẹnu àwọn mìíràn tí ìtìjú ti pa lẹ́nu mọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìtàn tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò àti èyí tó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Bí tiyín bá ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, tí kò sì parí síbi ìbéèrè fún àlejò, ẹ ti gba àga.

Ìbéèrè tó le

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ béèrè é ní ṣókí, ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1993, lójú ẹsẹ̀, láti ilé Michael Jackson ní Califọ́níà, Oprah Winfrey bi í nípa àwọ̀ ara rẹ̀ tí gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Kò fi ẹ̀gàn sí i, kò sì tọrọ gáfárà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó béèrè. Jackson dáhùn pé àìsàn kan ló ń pa àwọ̀ ara òun rẹ́. Ẹni tó bá ń yí ká ìbéèrè ń sọ fún àlejò pé ohun ìtìjú ni ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rí àti sùúrù. David Frost, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí apanilẹ́rìn-ín àti atọ́kùn ètò fàájì, gba ohun tó lé ní wákàtí 28 sílẹ̀ pẹ̀lú Richard Nixon ní 1977, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Nixon fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè líle nípa ìdí tí Nixon kò fi dáná sun àwọn téèpù tó fi gba ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀. Nixon sọ̀rọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, Frost kò sì rí nǹkan kan mú. Nígbà tí wọ́n wá dé orí ọ̀rọ̀ Watergate gan-an, ìyẹn ẹ̀sùn tó mú kí Nixon fi ipò sílẹ̀, Frost ti ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Nixon àti Charles Colson, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, jọ sọ lọ́wọ́, èyí tí James Reston, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí rẹ̀, ti wá rí. Ó kà á sí i létí. Níbẹ̀ ni nǹkan ti yí padà, tí Nixon fi gbà níkẹyìn pé òun já àwọn ará ìlú òun kulẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ìwé lọ́wọ́, ẹ má fi ẹ̀sùn kan àlejò. Ẹ bi í léèrè ni.

Inú sítúdíò

Kámẹ́rà mẹ́ta tó fún àlejò kan: ọ̀kan fún ojú rẹ̀, ọ̀kan fún ojú yín, ọ̀kan fún ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Kí gbogbo wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ìlà tó ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ àlejò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dà bí ẹni pé ẹ̀yin méjèèjì ń kọjú sí apá kan náà, òǹwòran kò sì ní mọ ìdí tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀. Kí wọ́n tó so máìkì mọ́ àyà àlejò, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ń kan máìkì lè ba wákàtí kan jẹ́, àlejò kò sì ní bínú bí ẹ bá rọra ní kó bọ́ ọ. Àga tó ń yí kò dára fún àlejò tí ẹ̀rù ń bà.

Bí olóòtú bá ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ etí, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ju mẹ́ta lọ: "ìṣẹ́jú méjì", "ẹ dúró síbẹ̀". Mo ti rí olóòtú tó ń sọ odindi ìbéèrè sí atọ́kùn létí nígbà tí àlejò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, atọ́kùn ń wo àlejò, ojú rẹ̀ sì ṣófo. Àlejò mọ̀.

Ẹ mọ iye àkókò tí ẹ ní ní tòótọ́. Lórí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé ìpolówó ní Amẹ́ríkà, ètò wákàtí kan sábà máa ń ṣẹ́kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 sí 44 lẹ́yìn tí a bá yọ ìpolówó kúrò. Ẹ gba ohun tó jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí àlejò tó bá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà àtúntò, ohun tí mo kọ́kọ́ ń gé ni ìyìn. Gbogbo ibi tí atọ́kùn ti ní "ẹ kú iṣẹ́ ribiribi" àti "ẹ̀yin lẹ jẹ́ àwòkọ́ṣe mi" lè lọ láìdí ohunkóhun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò gé ìtàn atọ́kùn, tí n kò sì ní fọwọ́ kan ìdákẹ́jẹ́ àlejò. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ mú ìdáhùn ìbéèrè kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, kódà bí ó bá dùn ún gbọ́; ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni òun ti sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n bá pa kámẹ́rà, ẹ má dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú máìkì àlejò ná, kí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà lórí àga. Ìgbà yẹn ni èjìká rẹ̀ yóò rọ̀, tí yóò sọ pé, "Ohun tí mo fẹ́ sọ nígbà kan níbẹ̀ yẹn ni pé…" Ẹ gbọ́ ọ tán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tí òǹwòran yẹ kó gbọ́, ẹ bi í tààrà bóyá ó fẹ́ kí wọ́n tún tan iná kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ náà di tiyín méjèèjì, kò gbọ́dọ̀ dé inú ètò, kò sì gbọ́dọ̀ dé etí olóòtú.